Sòbìyà Ọjọ́ Mẹ́ta

Obìnrin mìíràn ló nà gbalaja sórí ibùsùn tí Ọmọ́ṣọlá ti sanwó rẹ̀ láti oṣù kẹfà.

Ọmọ́ṣọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. Ó pọn Táyé, ó fa Kẹ́hìndé lọ́wọ́, àpótí aṣọ wọn sì wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti Ìlọrin ló ti gbé wọn wá sí Ìgbó-Ọrà nítorí ọdún ìbejì.

"Ìyáàfin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lórí ibùsùn mi."

"Ibùsùn ta ni?" Obìnrin náà kò tilẹ̀ gbé orí sókè. "Èmi náà sanwó o, owó gọbọi sì ni mo san. Ẹ lọ bá onílé."

Onílé náà, Ọ̀gbẹ́ni Ọlálékan, ti ń bọ̀ láti pálọ̀, fóònù lọ́wọ́, ẹ̀rín lẹ́nu. Ilé bàbá rẹ̀ ló tún ṣe sí yàrá mẹ́fà, tó ń fi í sí orí ìkànnì fún àlejò tó bá fẹ́ sun ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ mẹ́ta.

"Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín fagi lé yàrá yìí lọ́jọ́ Ajé. Yàrá ẹ̀dínwó sì ni ẹ gbà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà: ẹni tó bá gba ẹ̀dínwó, tó bá ní òun kò wá mọ́, owó rẹ̀ kò ní padà. Ẹ tẹ 'mo gbà' sí i. Àdéhùn ni àdéhùn."

"Kí ló mú mi fagi lé e? Ṣebí nọ́ọ̀sì kan ló pè mí! Ohùn rẹ̀ ń dùn bí oyin. 'Àǹtí mi àtàtà, iléeṣẹ́ ìlera ni mo ti ń pè yín o. Ẹ má kó ọmọ wá sílé yẹn. Sòbìyà wà nínú omi ibẹ̀. Àwọn àlejò tó mu ún lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ó ti ń yọ lẹ́sẹ̀ wọn.' Ta ló máa gbọ́ ìyẹn tó máa kó ìbejì wá? Àná ni ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé irọ́ gbuu ni."

"Ó bani nínú jẹ́," Ọlálékan wí, ó mi orí. "Ràhmọ̀t tó ń gbálẹ̀ fún wa ló ṣiṣẹ́ ibi yẹn. Ó ti wà lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá láti àná. Ṣùgbọ́n ti owó yẹn, ọwọ́ mi mọ́."

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, obìnrin kan fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń ju kajú sísun sẹ́nu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò wọ aṣọ ọlọ́pàá. Ìró àti bùbá àdìrẹ ló wọ̀, bí ẹni tó ń lọ kí aládùúgbò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Ọmọ́ṣọlá dé ibi ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ẹnu obìnrin náà dúró lórí kajú. Lẹ́yìn náà ló rọra jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀.

Inspẹ́kítọ̀ Tóyọ̀sí nìyẹn. Bí nǹkan bá ti ta á létí, kì í pariwo.

*

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, kí Tóyọ̀sí tó wá sí ilé Ọlálékan, ló ti ibi iṣẹ́ tí wọ́n rán an lọ sí Igangan dé sí àgọ́ ọlọ́pàá, tó bá Ràhmọ̀t lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń fún ọmọ oṣù méje lọ́mú. Ojú obìnrin náà ti wú.

"Ẹjọ́ ti parí," DPO wí kí Tóyọ̀sí tó jókòó. "Ẹnì kan ń fi orúkọ iléeṣẹ́ ìlera pe àlejò, ó ń fi àìsàn dẹ́rù bà wọ́n, nígbà tí ọdún ìbejì ku ọ̀la. Iléeṣẹ́ ìlera ti bínú dé ibi tí kò dáa. Orúkọ obìnrin yìí ló wà lórí síìmù. Agogo méjì ọ̀sán, ọkọ̀ ń gbé e lọ sí kóòtù ní Èrúwà."

"Ẹ fún mi di agogo méjì yẹn, sà."

"Kí lo fẹ́ wá?"

"Ẹni tó pe fóònù náà."

"Ṣé o kò gbọ́ pé orúkọ rẹ̀ ló wà lórí síìmù ni?"

"Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í pe fóònù. Ẹnu ló ń pè é."

DPO wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Agogo méjì o, Tóyọ̀sí. Ìṣẹ́jú kan kò gbọdọ̀ lé e."

Tóyọ̀sí lọ lóṣòó síwájú Ràhmọ̀t. "Ìyá Tàjù, ẹ kú ìrọ́jú. Ta ló ni síìmù?"

"Àǹtí, n ò fojú kàn án rí." Ràhmọ̀t gbé ọmọ sí ọmú kejì. "Ọ̀gá mi ló ní kí n mú ìwé NIN mi wá, pé àwọn fẹ́ gba láìnì kan tí a ó máa fi ṣiṣẹ́ ilé. Wọ́n gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe é, mo tẹ̀ka. Láti ọjọ́ yẹn, n ò rí síìmù, n ò sì rí ìwé mi gbà. Bí mo bá béèrè, wọ́n á ní ó wà nípamọ́."

"Ọ̀gá yín ní ẹ̀yin lẹ pe àwọn àlejò, kí ẹ lè rí yàrá wọn tà, kí ẹ sì kó owó rẹ̀ jẹ."

"Èmi?" Ó ya ọmọ kúrò lọ́mú. "Èmi tí n kò mọ A yàtọ̀ sí ọ̀pá! Tí àlejò bá dé, wọ́n á sọ fún mi pé yàrá kẹta ni tàbí yàrá karùn-ún, mo máa tẹ́ ibùsùn. Ibo ni mo ti rí nọ́ńbà wọn?"

Tóyọ̀sí dìde lọ. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà bí ẹni tó rántí nǹkan. "Ìdèrè lẹ ti wá, àbí?"

"Oko Ìdèrè gan-an ni."

"Inú mi dùn láti gbọ́," Tóyọ̀sí wí. Ìgbà yẹn, kò tíì mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi máa wúlò. Ìyá tirẹ̀ náà, Ìdèrè ni wọ́n bí i sí.

*

Ẹni tí gbogbo ìlú kọ́kọ́ tọ́ka sí ni Àlhájì Mùstàfá, tó ní òtẹ́ẹ̀lì lójú ọ̀nà Èrúwà. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń lọgun káàkiri pé ilé Ọlálékan ń ba iṣẹ́ òun jẹ́. Tóyọ̀sí gun ọ̀kadà lọ bá a.

"Mo ń bínú sí i, mo sì máa bínú sí i dọ̀la!" Àlhájì kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Èmi ń san owó orí, mo ní ọlọ́dẹ, mo ní jẹnẹrétọ̀. Òun kàn ya fọ́tò ibùsùn, ó kọ ẹ̀dínwó sí i, àlejò mi ti rọ́ lọ. Ṣé torí ìyẹn ni mo ṣe máa di nọ́ọ̀sì? Ohùn tèmi yìí?"

Ohùn Àlhájì dà bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ gààrí. Tóyọ̀sí rẹ́rìn-ín.

"Ẹ lè bẹ obìnrin níṣẹ́, sà."

"Tí mo bá fẹ́ bà á jẹ́, ṣé mẹ́rin péré ni mo máa pè? Ìlú ti ń sọ pé àlejò mẹ́rin nínú mẹ́fà ló fagi lé e. Ṣé mo máa ṣẹ́ méjì kù sí i lọ́wọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Tóyọ̀sí létí ju bí Àlhájì ṣe rò lọ.

"Ìbéèrè kan péré ló kù. Bí èèyàn bá mu omi sòbìyà lónìí, ìgbà wo ló máa yọ?"

Àlhájì Mùstàfá wò ó bíi pé orí rẹ̀ dàrú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, àpá kan wà lókè kókósẹ̀ rẹ̀, ó ń dán bí awọ ìlù. "Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Odò tó wà lẹ́bàá oko iṣu wa ni mo ti mu ún, ìgbà tí a ń kọ ebè. Ìgbà tí a tún ń kọ ebè lọ́dún kejì ló tó yọ. Ọdún kan gbáko ló fi ń rìn kiri nínú èèyàn. Inú oko ni mo ti ń fi ìdí wọ́. Ta ni kò mọ ìyẹn ní Ìbàràpá?"

"Ẹnì kan wà tí kò mọ̀ ọ́n, sà," Tóyọ̀sí wí. "Òun ni mò ń wá."

*

Ní agogo mọ́kànlá, Tóyọ̀sí ti padà sí ilé Ọlálékan. Ó ní kí onílé fi orúkọ gbogbo àwọn tó kọ́kọ́ gba yàrá fún ọdún ìbejì, kí ẹnikẹ́ni tó fagi lé e, han òun. Kíá ni Ọlálékan nà án sí i. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í fi nǹkan pamọ́, àbí?

Àlejò mẹ́fà. Mẹ́rin gba yàrá ẹ̀dínwó tí owó rẹ̀ kì í padà. Àwọn méjì yòókù san iye tó pé, àwọn lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó wọn bí wọn kò bá wá mọ́.

Tóyọ̀sí jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé, ó pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan.

"Ṣé nọ́ọ̀sì kankan pè yín?"

"Ó pè mí," ni ọkùnrin kan ní Òṣogbo wí. "Ìyàwó mi kò sùn lọ́jọ́ yẹn."

"Ó pè mí. Ó ní Àǹtí mi àtàtà," ni obìnrin kan ní Abẹ́òkúta wí.

Ẹnì kẹta náà ní ó pe òun. Ti Ọmọ́ṣọlá, ó ti mọ̀. Ó wá pe àwọn méjì tó san iye tó pé.

"Nọ́ọ̀sì wo?" ni ẹnì kan wí.

"Kò sẹ́ni tó pè mí o," ni èkejì wí. "Mo ti wà lójú ọ̀nà."

Tóyọ̀sí tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sórí itan, ó ka kajú mẹ́fà sí i, ó ya mẹ́rin sọ́tọ̀. Ọ̀tá onílé ì bá pe mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ràhmọ̀t kò lè mọ ẹni tó gba ẹ̀dínwó yàtọ̀ sí ẹni tí kò gbà á, nítorí inú fóònù ni ìyẹn wà, Ràhmọ̀t kò sì mọ̀wé. Ẹni tó pè wọ́n mọ̀ dájú pé àwọn mẹ́rin wọ̀nyí, bí wọ́n bá fagi lé yàrá, òfo ni wọ́n máa pa.

Kí ló dé tí onílé kò fi fagi lé e fúnra rẹ̀? Tóyọ̀sí ṣí ìkànnì náà lórí fóònù tirẹ̀, ó sì ka òfin wọn débi tó parí sí. Bí onílé ló bá fagi lé e, ó gbọ́dọ̀ dá gbogbo owó àlejò padà, wọ́n á sì tún bu ìtanràn lé e. Bí àlejò ló bá fagi lé yàrá ẹ̀dínwó, onílé ló ni owó, yàrá tún ṣófo fún títà. Ní oṣù kẹfà, nígbà tí kò sí ẹni tó ń béèrè, Ọlálékan fi ẹ̀dínwó fa àwọn èèyàn wọ̀nyí wá. Nígbà tí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀, tí àlejò ń wá ibi sùn bí ẹni ń wá omi lọ́gbẹlẹ̀, owó yàrá yẹn ti di ìlọ́po mẹ́rin.

Inú bí Tóyọ̀sí débi pé ó fọ́ kajú mọ́wọ́. Èèyàn fi owó tirẹ̀ gba ibi tó máa sùn, ẹ dẹ́rù bà á títí ó fi lé ara rẹ̀ jáde, ẹ wá ń ka àdéhùn sí i létí! Ẹni tó sì ń gbá ilé yín mọ́ lẹ wá ti síwájú kí ìyà yín lè rí ẹni jẹ!

Ṣùgbọ́n ohùn obìnrin ni gbogbo wọn gbọ́. Ohùn Ọlálékan kọ́.

Obìnrin kan ṣoṣo ló tún ń lo ìkànnì yẹn nínú ilé. Kíkí ni, àbúrò Ọlálékan. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá wọn l'Ékòó ló dàgbà sí, oṣù kẹjọ tó kọjá ló padà wálé, òun ló ń fèsì fún àlejò.

*

Tóyọ̀sí bá Ọmọ́ṣọlá sọ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó ní kó jókòó sínú yàrá tó kángun sí pálọ̀, kó jẹ́ kí kọ́tìnì bò ó. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wọ pálọ̀ lọ. Ọlálékan wà níbẹ̀. Kíkí wà lórí àga, ó ń tẹ fóònù.

"Kíkí, dákun, bu omi fún mi. Oòrùn yìí ń pa mí."

Kíkí bu omi ẹ̀rọ wá nínú kọ́ọ̀pù, ó kúnlẹ̀ gbé e fún un. Tóyọ̀sí mu ún tán, lójijì ló wá di ikùn mú.

"Yéè! Mo ti gbàgbé! Omi yìí kọ́ ni wọ́n ní sòbìyà wà nínú rẹ̀?"

Kíkí bú sẹ́rìn-ín. "Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, Àǹtí mi àtàtà. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Kọ́tìnì mì. Tóyọ̀sí kò wo ọ̀hún.

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀? Ìgbà wo ni mo máa tó lè fọkàn balẹ̀?"

"Ẹ kàn ka ọjọ́ mẹ́ta. Tí ẹ ò bá ti rí i kó yọ lẹ́sẹ̀ yín lọ́jọ́ kẹta, a jẹ́ pé kò sí nìyẹn."

"Ọjọ́ mẹ́ta? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Màmá wa àgbà ni. Tí a bá wálé lọ́lidé, tí a fẹ́ lọ wẹ̀ lódò, wọ́n á ní, 'Ẹ má mu omi yẹn o, sòbìyà á yọ lẹ́sẹ̀ yín!'"

"Wọ́n sọ ìgbà tó máa yọ?"

Kíkí ronú. "Wọn ò sọ ìyẹn."

"Wọn kò sọ ọ́ nítorí kò sí ọmọ Ìbàràpá ayé ìgbà yẹn tí kò mọ̀ ọ́n," Tóyọ̀sí wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Ìyá mi ní ojú àpá méjì lẹ́sẹ̀ kan. Ọdún kan ni sòbìyà fi ń gbé inú èèyàn kó tó yọ. Ìwọ fi ẹ̀rù Màmá àgbà dẹ́rù ba àlejò, ṣùgbọ́n o kò jìyà rẹ̀ rí, o kò sì mọ ọjọ́ rẹ̀. Ràhmọ̀t tí ẹ fi sẹ́yìn gbaga, oko Ìdèrè ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ṣé òun ló máa sọ fún èèyàn pé sòbìyà yọ lọ́jọ́ kẹta? Kò tíì sí obìnrin Ìdèrè tó máa ṣe irú àṣìṣe yẹn."

"Inspẹ́kítọ̀, ẹ rọra," Ọlálékan dìde. "Ọ̀rọ̀ ọmọdé lásán lẹ fẹ́ fi—"

Kọ́tìnì ya sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọ́ṣọlá jáde, Táyé ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ohùn náà nìyí! Bí mo bá ń sùn, mo dá a mọ̀! Ọmọ burúkú, ìwọ lo pè mí ní àǹtí àtàtà, tí o ní ẹsẹ̀ àwọn ọmọ mi máa jẹrà?"

Kíkí dojúbolẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá Lékan, mo sọ fún yín! Mo ní kí ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ ní nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀, pé orúkọ Ràhmọ̀t ló wà lórí ẹ̀!" Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó ju fóònù kékeré kan tó fi pe àwọn àlejò sórí tábìlì. Ìwé kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin bá a jáde.

Tóyọ̀sí tú ìwé náà. Ìwé NIN Ràhmọ̀t ni.

Ọlálékan kò rẹ́rìn-ín mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì kú. "Kò sẹ́ni tó fipá mú wọn. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi fagi lé e. Òfin ìkànnì wà lẹ́yìn mi."

"Òfin ìkànnì!" Tóyọ̀sí kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Tí mo bá pariwo 'iná' lẹ́yìn ilé yín ní irọ́, tí ẹ sá jáde, tí mo wọlé lọ jókòó, ṣé ẹ̀yin lẹ fún mi nílé ni? Ẹ̀dínwó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Pé owó kò ní padà, ìyẹn náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bí ẹ bá sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ìyá ọlọ́mọ oṣù méje lẹ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ mọ̀ pé kò mọ̀wé, torí náà lẹ ṣe yàn án. Ẹ bọ́ síwájú mi."

*

Agogo méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Èrúwà ti ń dún nínú ọgbà àgọ́ ọlọ́pàá. Ràhmọ̀t ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú rẹ̀ nígbà tí Tóyọ̀sí já wọlé.

"Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀! Ẹni tó ni ìjókòó yẹn ń bọ̀ lẹ́yìn mi."

DPO gbọ́ ohun tí Kíkí sọ láti ẹnu Kíkí fúnra rẹ̀, ó wo fóònù kékeré náà, ó wo Ọlálékan. Ó kàn fọwọ́ júwe fún ọlọ́pàá tó di Ràhmọ̀t mú pé kó fi í sílẹ̀.

Ọlálékan súnmọ́ Tóyọ̀sí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé. Ọmọ ìlú kan náà ni wá. Ẹ bá mi fagi lé e, màá dá owó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà lónìí."

"Ẹ máa dá owó wọn padà, ìyẹn di dandan. Òru tí obìnrin yìí sùn sórí sìmẹ́ńtì ńkọ́? Báwo lẹ ṣe fẹ́ dá ìyẹn padà?" Ó yí ẹ̀yìn sí i.

Ràhmọ̀t dúró sí àárín ọgbà, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Kò dúpẹ́, kò sunkún. Ó na ọwọ́.

"Ìwé mi dà?"

Tóyọ̀sí fi í lé e lọ́wọ́. Ràhmọ̀t ṣí i, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Àǹtí, èwo ni orúkọ mi níbẹ̀?"

Tóyọ̀sí fi ìka tọ́ ọ. Ràhmọ̀t tẹjú mọ́ ọn títí. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ bo orúkọ náà, àtàǹpàkò náà sì bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá.

"Ohun kékeré báyìí," ló wí, "ni wọ́n fẹ́ fi gbé mi lọ sí Èrúwà."

Ó ká ìwé náà, ó dì í mọ́ etí ìró rẹ̀, ó ta á ní kókó ẹ̀ẹ̀mejì. Ó kọjá níwájú Ọlálékan láìkí i, ó gba ẹnu géètì jáde.